Lẹ́tà ṣíṣí sí Anti Omotola: irọ́ kan wà tí mo pa mọ́ yín ní 1997

Ẹ̀gbọ́n mi, Anti Omotola Jalade-Ekeinde,

Ẹ kú ọjọ́ gbogbo o. Ẹ ò mọ̀ mí, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ mí, torí pé nígbà tí èmi mọ̀ yín, inú tẹlifíṣàn lẹ wà, èmi sì jókòó sórí ẹní nínú yàrá kan ní Mushin pẹ̀lú màmá àgbà wa àti àbúrò mi obìnrin àti bí ènìyàn mọ́kànlá míì tí wọ́n wá wo fíìmù lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ẹ́ kọ lẹ́tà yìí. Gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ni àbúrò mi á ní kí lobìnrin yẹn fẹ́ẹ́ fi ọ̀rọ̀ wa ṣe, ṣé mi ò mọ̀ pé ó níṣẹ́ tó ń ṣe ni, èmi náà á sì pa fóònù mi dé. Àmọ́ oṣù tó kọjá la ń palẹ̀ yàrá Màmá mọ́, mo fa báàgì Ghana-must-go kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, láàárín àwọn aṣọ òkè tí kòkòrò ti jẹ àti almanac ìjọ ti ọdún gbọ́nhan, mo bá kásẹ́ẹ̀tì fíìmù yín kan níbẹ̀, Mortal Inheritance, Màmá ti wé e sínú nylon mẹ́ta. Mo gbé e sókè sójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ inú ẹ̀. Ó ti bu. Nǹkan funfun ti hù sára téèpù dúdú yẹn bí ìgbà tí búrẹ́dì bá ti lo ọ̀sẹ̀ kan lórí tábìlì. Mo kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, mi ò lè gbálẹ̀ mọ́.

Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ẹ́ jẹ́wọ́, ẹ̀bẹ̀ ló sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rántí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ná, torí àwọn ọmọ tó ń tẹ̀lé yín lórí Instagram báyìí rò pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wáyé. Wọ́n mọ Omosexy, ìnagijẹ yín. Wọ́n mọ̀ pé ìwé ìròyìn TIME kọ orúkọ yín mọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ọ̀rọ̀ wọn tà jù láyé ní 2013, wọ́n mọ oyè MFR tí ìjọba fún yín ní 2014, àwọn tó gbọ́n díẹ̀ mọ̀ pé àwọn Oscar pè yín wọ ẹgbẹ́ wọn ní 2018. Ọmọbìnrin tí bàbá ẹ̀ kú nínú ìjàǹbá mọ́tò ní 1991, tó ka ìwé ní ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì Command ní Kaduna, tó wá ń dúró de rìsọ́ọ̀tì tó fi ní kí òun máa ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì kí òun lè rówó ná, ìyẹn ni wọn ò mọ̀.

Ẹ sì rántí ohun tí wọ́n ń pe mọ́dẹ́ẹ̀lì nílé àwa Yorùbá nígbà yẹn. Agbani Darego ò tíì gba Miss World, 2001 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á tí gbogbo bàbá tó ń fi bẹ́líìtì lé ọmọ ẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ní ọmọ àwọn náà ga. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí ọmọ bá ní mọ́dẹ́ẹ̀lì lòun ń ṣe, wọ́n á bi í pé ṣé iṣẹ́ nìyẹn, ìdúró lásán, ẹ̀rín lásán, ta ló ń sanwó fún ẹni tó dúró. Wọ́n á ní ọmọ yìí ti fẹ́ẹ́ bàjẹ́. Kí ni ìpolówó tó wà nígbà yẹn náà? Ọṣẹ, ìpara, kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́, ká ya fọ́tò yín mọ́ nǹkan tí wọ́n ń tà, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni Regina Askia náà ti bẹ̀rẹ̀, láti ìdíje ẹwà bọ́ sínú fíìmù, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ tọ ọ̀nà yẹn.

Ìtàn Venom of Justice, fíìmù yín àkọ́kọ́, ni mo fẹ́ràn jù. Pé ọ̀rẹ́ yín lẹ sìn lọ síbi tí wọ́n ti ń yan òṣèré ní 1995, wọn ò mú ọ̀rẹ́, inú ẹ̀ bàjẹ́, wọ́n wá ní kí ẹ̀yin tí ẹ sìn ín wá náà gbìyànjú wò, dairẹ́kítọ̀ Reginald Ebere sì gbé ipò òṣèré tó ṣe pàtàkì jù fún yín. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Iṣẹ́ orí ránni lèèyàn ń jẹ́, mo gbà, àmọ́ mo máa ń ronú nípa ọ̀rẹ́ yẹn o, Anti, ẹ máà bínú. Ṣé ẹ jọ wọ bọ́ọ̀sì kan náà padà sílé lọ́jọ́ náà? Kí lẹ jọ ń sọ?

Kámẹ́rà lèmi náà fi ń jẹun báyìí, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni mò ń yà, torí náà ọ̀rọ̀ kan wà tí mo lè sọ tí kì í ṣe àgbọ́sọ. Mọ́dẹ́ẹ̀lì àti òṣèré, iṣẹ́ wọn ò jọra rárá. Mọ́dẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kọ́ pé kó wo kámẹ́rà sójú, kó mọ ibi tí iná wà, kó gbé àgbọ̀n sókè, kó di èémí mú kí ikùn wọlé. Òṣèré ni wọ́n ní kó gbàgbé pé kámẹ́rà wà níbẹ̀ rárá, kó sunkún kí imú ẹ̀ máa dà, kí ojú ẹ̀ wú. Tí mo bá ń ya ìyàwó tó ti ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì rí, mo kàn mọ̀ ni, kò lè sunkún kó má tọ́jú ojú ẹ̀, kódà tí bàbá ẹ̀ bá ń súre fún un, díẹ̀ nínú ọkàn ẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ lẹ́ńsì mi. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi máa ń ní ojú ni wọ́n rà, wọn ò ra eré. Ó pọ̀ lára wọn tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní í parọ́. Àmọ́ ẹ̀yin, kò tíì tó ọdún méjì tí ẹ ṣe Venom of Justice tí dairẹ́kítọ̀ Andy Amenechi fi ní kí ẹ ṣe ọmọbìnrin tó ní sickle cell, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń jogún, nínú Mortal Inheritance, ẹ̀yin àti Fred Amata, 1996, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ẹ ò sì tọ́jú ojú yín rárá nínú fíìmù yẹn. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n fi yín ṣe òṣèrébìnrin tó dára jù ní The Movie Awards.

Fíìmù yẹn ni Bọ̀dá kan lójúlé wa lọ háyà ní fídíò kíláàbù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ilé wa díẹ̀. Àbúrò mi tó tẹ̀lé mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn, èmi jẹ́ méjìlá. Àwọn méjì ti kú ṣáájú ẹ̀. Torí náà orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ẹ ò nílò kí n pè é, orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró ni, ẹ̀yin náà mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Tí òjò bá ti rọ̀ bí ọjọ́ méjì, tàbí tí ọyẹ́ bá dé, ara ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, egungun ẹsẹ̀, egungun ọwọ́, àyà, ojú ẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè, kò ní í lè sunkún sókè torí pé igbe gan-an ń dùn ún. Fòníkú-fọ̀ladìde. Ọ̀la á sì dìde lóòótọ́, á máa fo okùn níta bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ìyẹn ló sì ba ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ́ lójú Màmá, torí kí ni ń kú lónìí tó ń dìde lọ́la tí kì í ṣe àbíkú? Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù kan, mi ò ní í dárúkọ wọn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n kọ SS, àmì sickle cell, gàdàgbà sórí káàdì, wọ́n ní kó máa mu folic acid àti Paludrine tó ń dènà ibà lójoojúmọ́, nọ́ọ̀sì pe ẹni tó tẹ̀lé wọn. Kò sẹ́ni tó jókòó ti Màmá kó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí S kan àti S kejì ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ìyá mi tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ò lè bá ìyá ọkọ jiyàn. Màmá ń fún un ní Paludrine ẹ̀ o, ó ń fún un ní àgbo náà, ó sì ń sín in ní gbẹ́rẹ́. Léjìká, lórúnkún, lẹ́yìn ọrùn. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ń fi ra á. Èmi ni mo máa ń di ọwọ́ ẹ̀ mú.

Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má bú màmá àgbà mi. Ẹni tó ti sin ọmọ-ọmọ méjì, ohun tó mọ̀ ló ń ṣe.

Ó dọjọ́ tí a wo fíìmù yìí. Sátidé ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni NEPA mú iná lọ kí kásẹ́ẹ̀tì tó dé ìdajì, ẹ̀ẹ̀kejì yẹn kásẹ́ẹ̀tì há sínú VCR, a ń bẹ Ọlọ́run kí téèpù má já torí àwọn oní-fídíò kíláàbù yẹn máa gbowó kásẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́wọ́ ẹni ni. Gẹ̀ẹ́sì ni fíìmù yín. Màmá ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì kankan ju "come" àti "tẹ́ńkíù" lọ, torí náà èmi ni mo máa ń jókòó sí ẹsẹ̀ ẹ̀, tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ màá túmọ̀, á ní "ẹ̀n-ẹ́n, kí ló wá wí?", màá túmọ̀ sí i. Bí ẹ ṣe jáde báyìí, Màmá ní ọmọ yìí mà rẹwà o, ọmọ ta ni? Mo ní Omotola ni. Ọmọ ibo? Mo ti rí i kà nínú ìwé ìròyìn tí alákàrà fi wé àkàrà fún mi, mo ní ọmọ Oǹdó ni. Màmá náà ọmọ Oǹdó ni. Ó kàn tún ìró ẹ̀ ró, ó sún mọ́ tẹlifíṣàn, láti ìgbà yẹn ọ̀rọ̀ yín ti di ọ̀rọ̀ ẹbí.

Ìgbà tí àìsàn wá dé sí yín nínú fíìmù náà, gbogbo yàrá dákẹ́. Àbúrò mi tó ti ń tòògbé jókòó dáadáa. Ó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ ṣe ká ara yín kò, bí ẹ ṣe ń fi ẹnu mí, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé ẹ̀. Ó wò mí, ó wo Màmá, ó ní, "Màmá, tèmi nìyẹn." Màmá ò dáhùn. Ó fọwọ́ tọ́ mi léjìká, ó ní kí ni wọ́n ń sọ pé ó ń ṣe ọmọ yìí?

Anti, ibi tí mo ti parọ́ mọ́ yín nìyí o.

Mo ní, "Màmá, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ẹ̀jẹ̀ ìyá ló pàdé." Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Mo ní wọ́n ní kì í ṣe àbíkú, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni pe àbíkú nínú fíìmù yẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ní mo túmọ̀ ẹ̀ ni. Ó wá kù díẹ̀, mo wo ọrùn àbúrò mi, gbẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ò tíì jinná, mo ní, "Omotola ní kí wọ́n yé sín òun ní gbẹ́rẹ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tí ò tó lára òun náà ni wọ́n tún ń tú dànù."

Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ibì kankan tí ẹ ti sọ nǹkan tó jọ ọ́. Ọkàn mi ń lù kìkì torí Bọ̀dá tó háyà fíìmù gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó wà lẹ́yìn mi níbẹ̀, mo ń retí kó ní irọ́ ni, ọmọ yìí ń purọ́. Kò sọ nǹkan kan. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá kò gbọ́ ni àbí ó gbọ́.

Màmá ní, "Òun fúnra ẹ̀ ló wí bẹ́ẹ̀?"

Mo ní òun fúnra ẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá ní, bí ẹni tó ń dá bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, "Òótọ́ ni. Ẹni tẹ́jẹ̀ ò tó lára ẹ̀, a tún ń gé e."

Ọjọ́ kejì, ó fi bébà wé abẹ yẹn àti ẹ̀tù, ó gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò dà á nù o, Màmá kì í da nǹkan nù, àmọ́ kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka Paludrine fúnra ẹ̀ láràárọ̀, ó ní ohun tí ọmọ Jalade ń lò nìyẹn. Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn tí mo dàgbà ni pé irọ́ mi ò jìnnà sóòótọ́. Ọmọ SS, kòkòrò àìsàn tètè ń wọ ara wọn ju àwa yòókù lọ, abẹ kan náà tí wọ́n fi ń sín ọmọ mẹ́fà ládùúgbò lè ṣe ohun tí kíráísìsì, ìrora àìsàn yẹn, fúnra ẹ̀ ò tíì ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó panilẹ́rìn-ín náà. Màmá ò gbà pé eré lẹ ṣe. Ní gbogbo àárọ̀ tó bá ń gbàdúrà, tó bá ti dárúkọ àwọn ọmọ ẹ̀ tán, á ní, "Olúwa, rántí ọmọ Jalade náà, dá ẹ̀jẹ̀ sí i lára." Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nìyẹn. Ìgbà tó yá a rí yín nínú fíìmù míì, ẹ kun ètè, ẹ wọ bàtà gogoro, ẹ ń jágbe mọ́ ọkùnrin kan, ara yín ń dán, Màmá ṣáà pàtẹ́wọ́, ó dìde dúró, ó ní, "Ó ti yá! Ẹ wá wò ó, ọmọ yẹn ti yá, ó ti sanra!" Ó pe àwọn aráalé. Kò sẹ́ni tó ní ọkàn láti sọ fún un. Ní 2005 tí ẹ gbé àwo orin tó ń jẹ́ "gba" jáde, ó ní ṣé ẹ rí i, ẹni tí kò lè mí dáadáa nígbà yẹn ló ń kọrin yìí. Ẹ̀yin ni ẹ̀rí rẹ̀ pé ọmọ wa ò ní í kú. Ó kú ní 2009, kò mọ̀ títí tó fi lọ pé kò sí ọjọ́ kan tí ẹ ní sickle cell.

Àbúrò mi ńkọ́? Ohun tó rí nínú fíìmù yẹn yàtọ̀ sí ti Màmá, èyí ló sì jẹ́ kí n máa sọ pé mọ́dẹ́ẹ̀lì tí ẹ ṣe kì í ṣe nǹkan tí ẹ kàn gbà kọjá. Ẹ mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń fojú inú wo síkúlà nígbà yẹn: orí ńlá, ikùn wíwú, ẹsẹ̀ bí igi ìdáná, ojú pípọ́n. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é ní "ojú ẹyin". Ó wá rí yín, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún torí ẹwà, gíga, awọ ara tó ń dán, ẹ wá sọ pé ẹ̀yin nìyí, ẹ̀yin ni SS. Mo ti bá ènìyàn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe dairẹ́kítọ̀ ní àṣìṣe ni kéèyàn gbé mọ́dẹ́ẹ̀lì sí irú ipò bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó rù, tí àìsàn hàn lára ẹ̀, ló yẹ kí wọ́n mú. Mo ní òun ò mọ nǹkan kan. Ẹni tó rù ni gbogbo ayé ti ń fi hàn án láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ọjọ́ kejì tí a wo fíìmù yẹn, àbúrò mi gbé ìró Màmá kan, ó wé e mọ́ra dé kókósẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní kọ́rídọ̀ wa, face-me-I-face-you ni ilé wa, sítóòfù ní apá ọ̀tún, dúrọ́ọ̀mù omi ní apá òsì, ó ń rìn láàárín wọn, ọwọ́ kan ní ìbàdí, ó dé ìpẹ̀kun, ó dúró, ó yí padà, ó wo wá láti orí èjìká. Òórùn Aboniki tí wọ́n fi para fún un lálẹ́ ọjọ́ náà ń ta sánsán láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí a pàtẹ́wọ́. A pàtẹ́wọ́.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ó lé díẹ̀ ni báyìí. Egungun ìbàdí ẹ̀ kan ti jẹ, àìsàn yẹn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn, ọ̀pá ló fi ń rìn nígbà òtútù. Ó bí ọmọkùnrin kan, AS ni, S kan ṣoṣo ló jogún. Ọkọ ẹ̀ sọ fún wa níbi ìgbéyàwó pé kí òun tó dárúkọ òun tán ni obìnrin yìí ti bi òun ní genotype. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín.

Mo tẹ̀lé iṣẹ́ yín látìgbà yẹn. Pé ẹ lọ́kọ ní 1996, ẹni tó ń wa bàálù, àwọn ènìyàn ní ó ti tán, ọmọ ọdún méjìdínlógún tó lọ sílé ọkọ, kámẹ́rà ti bọ́ nù un. Kò tán. Ẹ bímọ, ẹ padà, ẹ tún lọ ka Estate Management ní Yaba Tech, ẹ ṣe é jáde ní 2004. Àárín ìgbà yẹn náà ni àwọn mákẹ́tà tó ń ta fíìmù ní owó yín ti pọ̀ jù, wọ́n fòfin de ẹ̀yin àti Genevieve Nnaji àti Richard Mofe-Damijo àti Ramsey Nouah àti Nkem Owoh àti àwọn míì, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má fi yín ṣe fíìmù fún ọdún kan. Inú bí mi gan-an, bí ẹni pé èmi ni wọ́n lé níbi iṣẹ́. Ó yé mi pé owó lọ̀rọ̀, àmọ́ ojú àwọn wo ni wọ́n fi ń ta kásẹ́ẹ̀tì? Ẹ dé orí fíìmù Ijé ní 2010, ẹ̀yin àti Genevieve, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, sinimá kún. Mo lọ wò ó. Ó dára. Mi ò sunkún níbẹ̀ ṣá, mi ò mọ ìdí.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí.

Kásẹ́ẹ̀tì ọwọ́ mi yìí, mi ò dáṣà gbé e sínú VCR, torí téèpù tó bá ti bu, tí ẹ bá fi sínú ẹ̀rọ, ó máa ba orí ẹ̀rọ jẹ́, ẹ̀rọ náà máa fá ohun tó kù lára téèpù. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Téèpù ò fẹ́ràn ooru àti ọ̀rinrin, ìlú wa sì nìyí. Báyìí ni fíìmù ìgbà yẹn ṣe ń kú, gbogbo ohun tí wọ́n tà ní Idumota àti Onitsha láti 1992, tó jẹ́ pé orí VHS ló wà, wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn màmá àgbà káàkiri, wọ́n ń bu. Ìdójútì ni. Ohùn yín dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ohùn mi ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ bá wa pe ọ̀gbẹ́ni Amenechi, ẹ bá wa wá mákẹ́tà tó ní ojúlówó téèpù yẹn, àbí ọmọ ẹ̀, àbí ẹni tó ra ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n gbé e síbi táwọn ènìyàn ti lè rí i kó mọ́ gaara.

Tí wọ́n bá sì rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá sí i. Kì í ṣe àkọsílẹ̀ wẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yẹn, Màmá ò lè ka ìyẹn. Ohùn ni mo ń wí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnìkan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tó jẹ́ AS, tí AS méjì bá fẹ́ra, gbogbo ìgbà tí obìnrin bá lóyún, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS, ìdá kan á jẹ́ AA, ìdá méjì AS. Àwọn tó wà ní ìlú ńlá ti ń mọ̀ ọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì ń bèèrè ẹ̀ kí wọ́n tó soni pọ̀, Sickle Cell Foundation wà ní Idi-Araba lọ́ọ̀ọ́kán LUTH, àbúrò mi ń lọ síbẹ̀, ó gbádùn wọn. Àmọ́ tí mo bá lọ ya ìsìnkú lábúlé, mo ṣì ń rí ọmọ tí wọ́n sín ní gbẹ́rẹ́ yíká ọrùn. Oṣù mélòó kan sẹ́yìn mo rí ọ̀kan, ó ní ṣaworo lẹ́sẹ̀, ìyá àgbà ẹ̀ gbé e dání, ojú ẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Mo gbé kámẹ́rà sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ìyá yẹn wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé dókítà ni mí. Mo ní rárá. Ó ní ta ló wá wí bẹ́ẹ̀?

Kò sí kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi níbẹ̀ tí mo lè nàka sí.

Torí náà, Anti, tí ẹ bá máa fi Yorùbá sí i, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba ẹlòmíì. Ọmọ Oǹdó ni yín, ẹ fi sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé. Kí ẹ wá bá mi fi gbólóhùn kan kún un, mo mọ̀ pé kò sí nínú ìwé eré, ẹ bá mi bẹ dairẹ́kítọ̀. Kí ẹ ní kí wọ́n yé sín yín ní gbẹ́rẹ́. Kí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ tí ò tó lára yín náà ni wọ́n tún ń tú dànù. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ní ẹ sọ ọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti yọ nylon ọ̀rinrin yẹn kúrò, mo gbé e sínú páálí pẹ̀lú ìrẹsì gbígbẹ díẹ̀, àbúrò mi ní kí n má fi ìrẹsì òun ṣòfò. Tí ẹ bá nílò ẹ̀, èmi fúnra mi ni màá gbé e wá, mi ò ní í fi rán ẹnikẹ́ni.

Èmi ni,
ẹni tó ń túmọ̀ yín ní Mushin.